Ajá Ilé, Àdán Orí Igi

Nígbà ẹ̀rùn, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní Accra, ẹni tó bá dúró sí oríta 37 yóò rí i tí ojú ọ̀run ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Àdán ni. Wọ́n á já kúrò lórí igi tó yí ilé ìwòsàn àwọn ológun ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á kọrí sí igbó àti oko tí èso wà, ó sì di ìdájí kí wọ́n tó padà wá so rọ̀. Bí òjò bá ti dé, púpọ̀ nínú wọn a ṣí lọ. Àwọn ará Accra ní ìtàn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé wọn. Wọ́n ní ọba kan ló ṣàìsàn tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn 37 yẹn, tí àwọn àdán ìlú rẹ̀ sì sìn ín wá. Ọba náà wàjà síbẹ̀. Àwọn àdán kò gbà pé ó ti lọ. Wọ́n ṣì ń retí kó jáde kí wọ́n lè sìn ín padà sílé.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń wá sí abẹ́ igi wọ̀nyẹn. Lọ́dún 1956, ní Erékùṣù Èkó, wọ́n rí kòkòrò àrùn kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí lára irú àdán yìí kan náà, wọ́n sì fi ìlú náà sọ ọ́ lórúkọ: Lagos bat virus. Lọ́dún 1968, wọ́n tún rí ìbátan rẹ̀ ní Ìbàdàn, lára asín tí wọ́n mú ní àdúgbò Mọ́kọ́lá. Mokola virus ni gbogbo ayé ń pe ìyẹn títí di òní. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni àwọn méjèèjì pẹ̀lú kòkòrò tó ń fa dìgbòlugi. Nítorí náà, nígbà tí David Hayman, Richard Suu-Ire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ lára àdán ní Gánà, ohun tí wọ́n ń wá kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé ọ̀pọ̀ àdán náà ló ti ní èròjà agbóguntàrùn tí ara máa ń pèsè lẹ́yìn tí kòkòrò Èkó yẹn bá ti kàn án. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ ilé àwọ̀n ńlá kan sínú ọgbà ẹranko tó wà ní igbó Achimota, wọ́n kó àdán sínú rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú wọn kí wọ́n lè mọ bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń bá wọn gbé láì pa wọ́n run.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè bẹ̀rù, kò sì burú. Nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone lọ́dún 2014, ọ̀pọ̀ ará Accra tó ń kọjá lábẹ́ igi 37 ń fura sí ohun tó wà lókè wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí àrùn náà lára ẹnikẹ́ni ní Gánà. Síbẹ̀, ẹran ọbẹ̀ ni àdán fún àwọn mìíràn: ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 ṣírò rẹ̀ pé, ó kéré tán, 128,000 àdán ni wọ́n ń tà lọ́dún kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ń mú un láàyè, tó ń bó o, tí eyín rẹ̀ lè gé lọ́wọ́, ó yẹ kó ṣọ́ra gidigidi. Ṣùgbọ́n kò tíì sí àkọsílẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo tí Lagos bat virus pa. Mokola ti mú ọmọdé méjì ní Nàìjíríà, ọ̀kan nínú wọn kú. Dìgbòlugi gan-an, èyí tí àwọn bàbá ńlá wa mọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti ń kú. Nínú 100 tó bá kú, ajá ló kó o ran nǹkan bí 99.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú orí yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ń wòkè nígbà tó yẹ ká máa wo ẹsẹ̀ ara wa. Ajá tó sùn sí ẹnu ọ̀nà, tí àwọn ọmọ ń fi ìrù rẹ̀ ṣeré, tí kò gba abẹ́rẹ́ rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, òun ni ọ̀nà tí dìgbòlugi ń gbà wọlé.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Gánà. Láti ọdún 1976 ni àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ Belcher, Wurapa àti Atuora ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà pé àrùn náà ti fìdí kalẹ̀ sí orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì sọ ohun tí a lè ṣe láti kápá rẹ̀. Bí a bá tún fẹ́ lọ jìnnà sí i, nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn, ní ìlú Eshnunna, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Iraq lónìí, òfin wà pé bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún ẹnì kan pé ajá rẹ̀ ti ń ṣe wèrè, tí kò so ó mọ́lẹ̀, tí ajá náà bu ènìyàn jẹ tí ẹni náà kú, olówó ajá yóò san 40 ṣékélì fàdákà. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Àwọn tó ṣe é kò mọ kòkòrò àrùn kankan, wọn kò ní awò tí wọ́n fi lè rí i, síbẹ̀ wọ́n ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ajá bá bu ènìyàn jẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìrètí wà.

Inú itọ́ ni kòkòrò náà ń gbé. Bí eyín bá ti la awọ, itọ́ náà bá a wọlé, kòkòrò náà a dúró sínú ẹran ara níbi tí wọ́n ti bù jẹ, a máa pọ̀ sí i níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò wọnú ẹ̀jẹ̀ bí ibà ṣe ń ṣe. Ohun tó ń wá ni fọ́nrán ìmọ̀lára, àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń rán ẹsẹ̀ àti ọwọ́ níṣẹ́, tí ara sì fi ń jíṣẹ́ ìrora àti ìgbóná padà fún ọpọlọ. Bó bá ti rí ẹnu ọ̀kan nínú wọn, a wọ inú rẹ̀, a sì kọjú sí òkè. Kì í sáré. Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ló ń rìn lóòjọ́. Láti kókósẹ̀ dé mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn jìnnà. Láti ojú tàbí ọrùn dé ọpọlọ kò jìnnà rárá. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí àìsàn máa fi fara hàn kì í fi í dọ́gba: oṣù méjì sí mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè tó ọdún kan. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀rọ̀ ọmọdé fi léwu jù. Ọmọ kúrú, ojú rẹ̀ kò ga ju ẹnu ajá lọ, ibẹ̀ sì ni ajá máa ń bù jẹ. Nínú 100 ènìyàn tí ẹranko tí wọ́n fura sí bu jẹ láyé, nǹkan bí 40 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Ní gbogbo àsìkò tí kòkòrò náà fi ń rìn yìí, kò sí nǹkan tó ń dun ẹni náà. Ọgbẹ́ ti jinná. Ọmọ ti padà sí ilé ìwé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè fi hàn bóyá ó ti kó o tàbí kò kó o, nítorí kòkòrò náà ti sá pamọ́ sínú fọ́nrán ìmọ̀lára níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kò ti rí i. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ewu ti kọjá, nígbà tí ewu náà ṣì wà ní itan ọmọ, tó ń gòkè bọ̀.

Bó bá dé ọpọlọ, a pọ̀ jaburata, a sì tún gba ọ̀nà àwọn fọ́nrán yẹn padà sọ̀ kalẹ̀ sí gbogbo ara, pàápàá jù lọ sí ibi tí itọ́ ti ń jáde. Ohun tó ń bani lẹ́rù nípa kòkòrò yìí nìyẹn. Ó ń da orí ẹranko rú kó lè máa bù jẹ, ó ń dí ọ̀fun rẹ̀ kó má lè gbé itọ́ mì, ó sì ń kún inú itọ́ yẹn bámúbámú. Gbogbo rẹ̀ bára mu láti mú un dé ara ẹlòmíràn.

Ara ajá ni ká ti kọ́kọ́ wò ó. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bó ti wù kí ajá ya dìgbòlugi tó, ó mọ ojú iná. Ohun mìíràn wà tí ajá bẹ́ẹ̀ kì í mọ̀ mọ́: olówó rẹ̀. Ajá tó ti máa ń sáré pàdé ẹni yóò lọ sá pamọ́ sábẹ́ ọkọ̀; èyí tí kì í gbó yóò máa gbó, ohùn rẹ̀ á há. Yóò máa bu igi jẹ, yóò máa bu òkúta jẹ, yóò rìn jìnnà sí ilé, yóò sì bu ohunkóhun tó bá pàdé jẹ. Gbogbo ènìyàn ló mọ irú èyí. Irú kejì ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ajá náà kò bínú rárá. Ó dákẹ́, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, párì rẹ̀ já wálẹ̀, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, kò lè jẹun. Olówó rẹ̀ rò pé egungun ló há a lọ́fun, ó sì ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti yọ ọ́. Bí ọwọ́ yẹn bá ní egbò tàbí tí eyín bá họ ọ́, ìyẹn tó. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá tí párì rẹ̀ rọ. Ẹ pe dókítà ẹranko.

Ní ti ènìyàn, ibi tí ọgbẹ́ wà tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Yóò máa yún ún, yóò máa ta á bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ibà díẹ̀, orí fífọ́, àìlèsùn. Ní ìlú tí ibà ti wọ́pọ̀, ta ni yóò fura? Wọ́n á fún un ní oògùn ibà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òǹgbẹ á máa gbẹ ẹ́, wọ́n á gbé omi fún un, bí ife bá ti kan ètè rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á fún pọ̀ lójijì pẹ̀lú ìrora débi tí yóò ju ife náà nù. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó rí omi lásán ti tó. Kí ó gbọ́ ìró omi ti tó. Afẹ́fẹ́ fáànù lè fa á. Ó lè máa jà, kó máa pariwo, kó sì tún padà sí orí ara rẹ̀, kó máa bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, kó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé, ní Accra bí ní ilẹ̀ wa, rò pé ẹ̀mí kan ló ń bá a jà tàbí pé ayé ló ṣe é, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ibùdó àdúrà dípò ilé ìwòsàn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá rí i kò ní rí ohun tó jọ ọ́ láyé. Nǹkan bí ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn márùn-ún ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá: ara rẹ̀ ló ń rọ díẹ̀díẹ̀ láti ibi ọgbẹ́, tí yóò fi dákú tí yóò sì kú. Irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń ṣì pè ní àìsàn mìíràn, a kì í sì í kà wọ́n mọ́ àwọn tí dìgbòlugi pa.

Bí àmì wọ̀nyí bá ti jáde, kò sí ìwòsàn. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láì yí i ká. Lóòótọ́, lọ́dún 2004, ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Jeanna Giese, tí àdán bù jẹ, yè é láì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà Rodney Willoughby àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi oògùn mú un sùn fọnfọn, wọ́n ń tọ́jú ara rẹ̀ nígbà tí ara náà ń bá àrùn jà. Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, ó sì ti kùnà ní èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó kù fún dókítà ni kó bá aláìsàn dín ìrora àti ìpayà kù, kó fi í sí yàrá tó dákẹ́, tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ jù, kó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ní ṣíṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kòkòrò náà kì í sáré. Àwa lè sáré jù ú lọ.

Ọṣẹ àti omi ni ohun àkọ́kọ́. Ara kòkòrò dìgbòlugi ní èèpo ọ̀rá, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá ká. Kẹ́ ẹ gbé ojú ọgbẹ́ sábẹ́ omi tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ó pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ọmọ á máa ké, àwọn àgbà á ní ó ti tó. Kò tíì tó. Ọṣẹkọ́ṣẹ ló lè ṣe é, ì báà jẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ, ì báà jẹ́ ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina ní Gánà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, kí ẹnì kan máa fi igbá bu omi dà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ayodíìnì tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn sí i. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sáré fi sí i ni mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n lórí rẹ̀: irun ajá náà tí wọ́n sun, epo pupa, ata gígún, eérú, ewé. Wọ́n ń ṣe é nítorí ìfẹ́, nítorí ohun tí ìyá wọn ṣe fún wọn nìyẹn. Kò pa kòkòrò náà, ó ń ta ọgbẹ́, ó sì ń gba àkókò tó yẹ kí ọṣẹ fi ṣiṣẹ́. Bákan náà, kí wọ́n má ṣe tètè rán ọgbẹ́ náà pa, àyàfi bí dókítà bá rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń bẹ̀rù nítorí abẹ́rẹ́ àtijọ́, èyí tí wọ́n ń gún sí ikùn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ti kọjá. Apá ni wọ́n ń gún un sí báyìí, lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn ọjọ́ 3, lẹ́yìn ọjọ́ 7, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gún un sínú awọ nìkan, oògùn díẹ̀ ló ń gbà, èyí sì ṣe pàtàkì níbi tí oògùn kò ti pọ̀. Bí ọgbẹ́ bá jinlẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ojú àti orí ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan kò tó, nítorí ó ń gba ara ní ọjọ́ mélòó kan kó tó kọ́ bí yóò ṣe jà. Wọ́n á fi èròjà agbóguntàrùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tàbí ti ẹṣin yí ojú ọgbẹ́ náà ká, kí ó lè dá kòkòrò dúró níbẹ̀ títí ara yóò fi gbára dì. Aboyún lè gba abẹ́rẹ́ yìí. Ọmọ ọwọ́ lè gbà á. Ẹni tó ti pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ajá ti bù jẹ, tí kò tíì ní àmì kankan, kí òun náà dìde kó lọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ṣì wà lójú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885 ni a ti mọ̀ pé eléyìí ṣeé ṣe. Ọjọ́ yẹn ni Louis Pasteur ní Paris jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá ti ya jẹ lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Láti ara mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ehoro tó ní àrùn náà, tí wọ́n ti sá gbẹ títí agbára kòkòrò fi dín kù, ni wọ́n ti ṣe oògùn náà. Ọmọ náà yè, ó dàgbà. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án tí Pasteur kú sí lọ́dún 1895 ni gbogbo ayé ń fi ṣe àyájọ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún.

Ó wá ku owó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àpò ẹni tí ajá bù jẹ ni owó oògùn ti ń jáde, èròjà agbóguntàrùn tí mo sọ yẹn sì wọ́n, kò sì wọ́pọ̀. Bàbá tó ń fi ọkadà jẹun, tí ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ kìíní, tó rí i pé ọgbẹ́ ti gbẹ, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ná owó lé èkejì àti ẹ̀kẹta. Inú mi dùn pé lọ́dún 2024, àjọ Gavi tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀ lọ́wọ́ láti ra abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣí ilẹ̀kùn fún ti dìgbòlugi náà. Ó pẹ́ kó tó dé, nítorí láti ọdún 2018 ni wọ́n ti pinnu rẹ̀, kí Covid tó dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ajá. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò, ì báà jẹ́ Nima, ì báà jẹ́ Ashaiman, ì báà jẹ́ Mushin, ni pé àwọn ọ̀dọ́ á gbé igi àti òkúta, wọ́n á lu ajá náà pa, wọ́n á fọ́ ọ lórí, wọ́n á sun ún tàbí kí wọ́n sin ín. Ìbínú wọn yé mi. Ṣùgbọ́n orí tí wọ́n fọ́ yẹn ló lè sọ òtítọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀nà, tí ajá náà ní olówó, tí kò sì ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10, bí ẹni tó bù jẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ lọ. Ajá kì í ní kòkòrò nínú itọ́ rẹ̀ ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀. Bí ọjọ́ 10 bá pé, tó ṣì ń jẹun, tó ṣì ń gbó, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ènìyàn jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Ológbò náà ń tẹ̀ lé òfin yìí. Ẹranko ìgbẹ́ kò tẹ̀ lé e.

Bó bá ti kú, orí ni kẹ́ ẹ tọ́jú, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gé e pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí wọ́n kó o sínú yìnyín, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò ẹranko tí ìjọba ní ní Accra. Níbẹ̀, wọ́n á mú díẹ̀ lára ọpọlọ, wọ́n á fi èròjà kan tó ń mọ́lẹ̀ sí i, wọ́n á wò ó lábẹ́ awò amóhuntóbi. Bí kòkòrò náà bá wà níbẹ̀, yóò máa tàn ní àwọ̀ ewé. Láàárín wákàtí mélòó kan, ìdílé kan lè mọ ohun tó wà níwájú wọn, àwọn mìíràn tí ajá kan náà lá tàbí họ sì lè mọ̀ pé àwọn náà gbọ́dọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi ti àwọn tó ń pa ajá jẹ kún un, nítorí wọ́n wà ní Accra, pàápàá láàárín àwọn tó wá láti òkè àríwá Gánà, wọ́n sì wà ní Oǹdó níbi tí wọ́n ti ń pè é ní lókílí. Àwọn tó ń fi ajá bọ Ògún náà wà láàárín wa. Ẹran tó jinná kò ní kòkòrò mọ́. Ẹni tó ń mú ajá náà láàyè, tó ń dúńbú rẹ̀, tó ń la orí rẹ̀, òun ló wà nínú ewu, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé ajá tó ti ń bu ènìyàn jẹ ni àwọn ènìyàn máa ń yára tà. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ yìí jẹun yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú, bí àwọn dókítà ẹranko ṣe ń ṣe.

Pípa ajá káàkiri ìgboro nìkan kì í mú dìgbòlugi kúrò ní ìlú. Ilé tí wọ́n bá ti pa ajá rẹ̀ yóò mú òmíràn wá, èyí tí kò gba abẹ́rẹ́; àwọn tó fẹ́ràn tiwọn á kó o pamọ́; èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dúró bí odi yóò kú pẹ̀lú àwọn yòókù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí 70 nínú 100 ajá ìlú gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Bó bá tó bẹ́ẹ̀, ajá tó ní àrùn kò ní tètè pàdé ẹni tó lè kó o ràn. Ní N'Djamena, olú ìlú Chad, wọ́n ṣe é lọ́dún 2012 àti 2013, wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sí àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọjá 70 yẹn. Àrùn náà dáwọ́ dúró nínú ìlú fún oṣù mélòó kan. Ó padà wá lẹ́yìn náà, nítorí àwọn ajá tó wá láti ẹ̀yìn ìlú kò gba abẹ́rẹ́. Ohun méjì ni Accra lè kọ́ níbẹ̀: ó ṣeé ṣe, ìlú kan kò sì lè dá a ṣe. Mẹ́síkò tẹra mọ́ irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́dún 2019 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé àwọn ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ajá kò kó dìgbòlugi ran ènìyàn mọ́. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi ọdún 2030 ṣe àfojúsùn pé kí irú ikú bẹ́ẹ̀ tán pátápátá.

Nípa ẹranko ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní Yúróòpù, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń gbé àrùn náà káàkiri, títí tí àwọn ará Switzerland fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978 láti máa ju orí adìẹ tí wọ́n fi oògùn àjẹsára sínú rẹ̀ sínú igbó fún wọn. Ní Látìn Amẹ́ríkà, àdán kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, òun ló ń dààmú wọn. Ní Etiópíà ni ìtàn náà yí padà, tó sì dùn mí: lórí òkè Bale, àwọn ìkookò kan wà tí kò sí irú wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn láyé, gbogbo wọn kò pé 500, ajá àwọn darandaran sì ti kó dìgbòlugi ràn wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tó pa púpọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀, ẹranko ìgbẹ́ ló ń sá fún ajá ilé.

Bí ẹ bá ní ajá ní Accra, ní East Legon tí wọ́n ti kọ ìkìlọ̀ sára géètì tàbí ní Madina tí géètì kò sí rárá, ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé kò gbà á. Nǹkan kan sì wà tí àwọn ènìyàn ń ṣì ṣe. Nígbà tí àwọn dókítà ẹranko bá dé àdúgbò láti gún ajá, wọ́n máa ń mú ìyá ajá wá, wọ́n á fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sílé, pé wọ́n kéré jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n gún àwọn ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta náà. Àwọn ni àwọn ọmọ wa ń gbé sáyà, tí wọ́n ń fi ìka sí lẹ́nu, tí eyín wọn mú ṣámúṣámú bí abẹ́rẹ́, tí ọmọ kì í sì í jíṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ pé ó bu òun jẹ. Ẹ fi agbọ̀n kó gbogbo wọn wá.